Orúkọ Tí Ìyàwó Kì í Pè

Àpótí onírin Ìsíátù wà lẹ́nu ọ̀nà, adìyẹ méjì sì ti gorí rẹ̀. Ìyá Mísbáù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló gbé e síta láti ìdájí, kò sì tíì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dúró, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo Ìsíátù bó ṣe ń pọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé.

"Ìyàwó, ṣé wàá lọ síbẹ̀ àbí o ò ní lọ?"

"Mo máa lọ, mà."

"Tí o bá lọ, má gbé àpótí yìí wọlé mọ́. Ìsẹ́yìn ni kí o máa gbé e lọ. Orúkọ ilé wa kì í ṣe ẹran tí wọ́n á máa fi jẹ ìrẹsì."

Ìsíátù tún mú ewé. Ó pọ́n òmíràn, ó tò ó sínú ìkòkò. Ọkọ rẹ̀, Múdàṣírù, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan lọ́nà Aswani, ti ń gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ tú àṣírí àwàdà tí Ìsíátù fẹ́ lọ sọ, nítorí Múdàṣírù kò lè fi ohunkóhun pamọ́ fún ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ dàgbà. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ yanjú ẹ̀," ló wí, ó sì tẹ kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ajá ń lé. Akọni ọkùnrin nìyẹn! Iṣẹ́ rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ títí di wákàtí méjì sí i.

Ohun tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kò ju maikirofóònù kan lọ. Nígbà tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, dé, tí kálukú ń ra ohun tó wù ú, Abórìṣàdé tó ni ilé oúnjẹ kan ní Ìsọlọ̀ ra maikirofóònù, kí ó lè máa ké sí àwọn alásè rẹ̀ pé kí wọ́n bu ìrẹsì wá láìpariwo. Ọ̀sẹ̀ kejì ni dírẹ́bà kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi í sọ ẹ̀fẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún ní kí wọ́n bu oúnjẹ sí i fún àwọn. Láti ìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹni tó bá ní àwàdà lẹ́nu a máa gorí pákó tí Abórìṣàdé kàn síwájú ilé ìdáná, a sì sọ ọ́. Dírẹ́bà yẹn, tó ti di aláwàdà wọn, ti wá ríṣẹ́ epo lọ sí Wàrì. Lónìí ni àwọn oníbàárà yóò yan ẹni tí yóò máa ṣe gbogbo Sátidé títí di Iléyá, kò sì tíì sí obìnrin tó gorí pákó náà rí.

Ìsíátù ló ń pọ́n mọ́ínmọ́ín fún wọn. Lọ́jọ́ kan, ní ilé ìdáná, ó sọ fún àwọn alásè bí òun ṣe ń pe àwọn ará ilé ọkọ òun. Ẹ kúkú mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Òun ni yóò wá orúkọ mìíràn fún un. Níwájú wọn, Ìsíátù á ní Ìbàdíàrán, á ní Adúmáadán. Lẹ́yìn wọn, ó ní orúkọ mìíràn tó bá ìwà wọn mu. Ọ̀kan nínú àwọn alásè náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò gàrí. Abórìṣàdé gbọ́ ọ lójú fèrèsé.

"Ìyàwó," ó ní, "ọ̀rọ̀ yìí ti ju ti ilé ìdáná lọ."

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Ìsíátù mọ́. Ní Ìsẹ́yìn, nígbà tó wà lọ́mọge, bó bá ń ti odò bọ̀, ẹ̀rín àwọn tó bá a rìn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti dé tòsí. Ní Ìsọlọ̀, ó ti fi ọdún mẹ́sàn-án gbé ẹ̀rín yẹn mì, ó sì dùn ún. Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀hún tó. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Nígbà tí wọ́n kírun Àsàrì tán, ó lé adìyẹ kúrò lórí àpótí, ó gbé agbọ̀n mọ́ínmọ́ín rù, ó sì lọ.

Ilé oúnjẹ ti kún. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé iṣẹ́ wà níbẹ̀, àti àwọn aláṣọ, àti àwọn dírẹ́bà láti Òṣòdì. Babáṣọlá, tó máa ń pe àwọn aláwàdà sórí pákó, na maikirofóònù sí i. "Ìyàwó Múdà ló kàn!"

Ìsíátù gbà á. Lójijì ni ọ̀rọ̀ àpótí yẹn já a láyà, ó sì ní kí òun fi ará ilé sílẹ̀, kí òun sọ èyí tí kò ní lé òun kúrò nílé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti àwọn ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì wá, tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ ní Àpápá. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin mẹ́ta ti sọ ti sìmẹ́ǹtì yẹn ṣáájú rẹ̀.

"Ìyàwó, ọbẹ̀ ń jóná nílé o!" ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn. Ìyẹn ni wọ́n rẹ́rìn-ín sí.

Ibẹ̀ ló ti rí Ìyá Mísbáù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìborùn wé ara, ojú rẹ̀ le.

Ìsíátù wò ó, ó sì wo àwọn tó ń jẹun bí ẹni pé òun kò sí níbẹ̀. Àpótí kúkú ti wà níta. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á lé e. Bí kò bá sọ ọ́, yóò padà lọ máa gbé ẹ̀rín mì títí ayé. Bí wọ́n bá máa lé òun, ó ní lọ́kàn rẹ̀, kí wọ́n lé òun nítorí ohun tí òun sọ.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ má dààmú nípa ọbẹ̀. Mò-ń-Bọ̀ wà nílé. Àbúrò ọkọ mi ni, mi ò lè pe orúkọ ẹ̀. Ẹ rán an níyọ̀ láàárọ̀, á ní, 'Mò ń bọ̀.' Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀, ìyàwó ti dé, lemọ́ọ̀mù ti dé, ọkọ ìyàwó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀."

Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìsíátù kọjú sí i.

"Bàbá Onífíríìjì náà wà nílé. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni. Wọ́n fi owó Údójì ra fíríìjì, iná ò sì tíì dé ilé wa. Agbádá ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ tíná bá dé, àwọn làwọn máa kọ́kọ́ wọ aṣọ tútù ní Ìsọlọ̀."

Ẹ̀rín sọ. Àwọn tó ń jẹun gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin náà wà." Kò wo ẹnu ọ̀nà. "Níwájú wọn, Ìbàdíàrán ni mò ń pè wọ́n. Lẹ́yìn wọn, Ajíbéèrè ni. Mo kúnlẹ̀ láàárọ̀, mo ní, 'Ẹ káàárọ̀, mà.' Wọ́n ní, 'Ta ló ní kó mọ́?' Ó dalẹ́, mo ní, 'Ó dàárọ̀, mà.' Wọ́n ní, 'Ta ló sọ fún ọ pé a máa jí?'"

Ilé oúnjẹ dà rú. Àwọn kan ń lu tábìlì, omi ń dà lójú àwọn kan. Ìgbà náà ni aláṣọ kan yíjú sẹ́nu ọ̀nà: "Háà, Ìyá Mísbáù, ṣé ẹ̀yin kọ́ nìyẹn?"

Gbogbo ojú ló yí padà. Ìyá Mísbáù la àárín tábìlì kọjá láìkí ẹnikẹ́ni, ó gorí pákó, ó sì já maikirofóònù gbà bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ìsíátù kúnlẹ̀.

"Èmi ni Ajíbéèrè!" Ohùn rẹ̀ bú jáde, òun fúnra rẹ̀ ta gìrì. Ọ̀dọ́kùnrin kan níwájú pa ẹ̀rín mọ́nú, kò lè pa á mọ́ tán. "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Ta ló bá ẹ wá síbí? Ṣé ìyàwó ẹ mọ̀ pé ibí lo wà?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà dorí kodò. Ẹ̀rín tó sọ lọ́tẹ̀ yìí ju ti ìṣáájú lọ.

"Ó dùn mí," ni Ìyá Mísbáù wí fún Ìsíátù, ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé ó dùn ún lóòótọ́. "Mo wá wọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀ ni. Ìgbà tí mo gbọ́ ti fíríìjì, mo ní kí n dúró gbọ́ tèmi ná." Ó dúró kí ariwo rọlẹ̀, ó sì kọjú sí àwọn oníbàárà. "Ṣé ó sọ ti ọbẹ̀ tó kọ́kọ́ sè nílé wa fún yín? Ẹ da ọbẹ̀ yẹn sínú ọ̀sà, ọ̀sà á ní iyọ̀ yẹn pọ̀ jù. Ta ló jẹ ẹ́? Èmi ni! Mo jẹ ẹ́ tán, mo fọ ìkòkò, kí àbúrò mi tó ti ibi iṣẹ́ dé, kó má lọ sọ pé ìyàwó tí a fẹ́ fún òun kò mọ ọbẹ̀ sè. Láti Jímọ̀ títí di Mọ́ńdè, omi ni mò ń mu. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń béèrè. Ta ni ò ní béèrè?"

Ìsíátù kò mọ̀ rí. Ewúrẹ́ ará ilé kejì, ni wọ́n sọ fún un lọ́jọ́ náà, ló da ọbẹ̀ nù. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń ṣépè fún ewúrẹ́ ọ̀hún. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún, ojú sì tì í pé òun kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

"Dìde ńlẹ̀," ni Ìyá Mísbáù wí. "Tí o bá délé, kí o lọ gbé àpótí ẹ wọlé."

Àwọn èèyàn ń pariwo pé Ajíbéèrè ni àwọn ń fẹ́. Abórìṣàdé mú ṣọ́ọ̀kì, ó lọ síbi pátákó tó fi ń kọ oúnjẹ ọjọ́ náà. "Ìyá Mísbáù, ẹ̀yin ni wọ́n mú. Ṣé kí n kọ ọ́?"

"Kí n fi ṣe kí ni? Ìbínú ló gbé mi gorí ibí. Mi ò lè máa bínú ní gbogbo Sátidé. Ìyàwó ni kí ẹ kọ."

"Ìyàwó pọ̀ ní Ìsọlọ̀, mà. Ìyàwó wo?"

Ìyá Mísbáù wo Ìsíátù. Níta, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe Ìsíátù, Ìyá Sàláúdéènì. Nínú ilé, Ìyàwó ni: Ìyàwó, pọnmi, Ìyàwó, wá. Kò sẹ́ni tó pè é ní nǹkan mìíràn láti ọjọ́ tó ti wọlé, òun náà sì ti gbà pé wọn kò mọ orúkọ òun. Ó ti ń retí kí obìnrin náà sọ pé ìyàwó Múdàṣírù.

"Ìsíátù," ni Ìyá Mísbáù wí jẹ́jẹ́. "Ìsíátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìsẹ́yìn."

Abórìṣàdé ló ń sọ ọ́ fún, kí ó lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí Ìsíátù tó mọ̀, ó ti dáhùn.

"Mà?"