Àmì Funfun Nísàlẹ̀ Abọ́

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì ní Adó-Èkìtì, ẹnu mi sì mú bí abẹ. Ọmọ tó bá ṣi ìdáhùn sọ níwájú Tíṣà Bámgbóyè, á kábàámọ̀ pé òun lanu. Mo ń fi ìyẹn yangàn nígbà náà. Ó ń tì mí lójú báyìí.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ti ohun tó jẹ́ ògidì. Màá sọ fún wọn pé ohun ògidì kò ní àbùlà kankan nínú: bí omi bá jẹ́ ògidì, ẹ gbé e kaná kó gbẹ tán, kò gbọdọ̀ ṣẹ́ ohunkóhun kù sínú abọ́. Ojú kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n, iná la fi ń mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ o.

Lọ́dún kan, ìdánwò tí a ó fi yan àwọn tí yóò wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì ku ọ̀la, ni omi ògidì inú ìgò tí a ń lò nílé ìwé tán. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìgèdè, ìlú wa, dé, mo sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi àpáta kan bọ̀. Ẹni tí wọ́n bí níbẹ̀ kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bú omi yẹn. Ìyá ìyá mi tó wò mí dàgbà máa ń sọ pé, "Omi ulé wa, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀." Ó mọ́ lójú, ó tutù lẹ́nu. Mo rọ ọ́ kún inú ìgò náà, n kò dán an wò.

Ìdánwò náà ni kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé omi méjì kaná kó gbẹ, kó sọ èyí tó jẹ́ ògidì. Èkíní, èmi ni mo po iyọ̀ mọ́ ọn. Èkejì wá láti inú ìgò. Gbogbo àwọn yòókù kọ ohun tí mo fẹ́ kà, pé èkejì ni. Qanitah nìkan, ọmọ Nọ́fíù tó ń tún mọ́tò ṣe, ló kọ ọ́ pé kò sí ògidì nínú méjèèjì, pé àmì funfun wà nísàlẹ̀ abọ́ kejì.

Mo pè é síwájú kíláàsì. Mo ní ọ̀bùn ni, pé kò fọ abọ́ rẹ̀. Ó ní òun fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bi í pé ṣé èmi ló wá ń pè ní òpùrọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní òdo, òdo yẹn ni kò sì jẹ́ kó wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Bàbá rẹ̀ wá bẹ̀ mí, ó ní iṣẹ́ apòògùn ni ọmọ òun ń fọkàn sí láti kékeré. Mo ní máàkì mi kì í yí padà.

Nígbà tó lọ tán, ara mi kò lélẹ̀. Mo gbé omi inú ìgò náà kaná fúnra mi. Ó gbẹ. Àmì funfun náà hàn, tín-ín-rín, bí ìgbà tí ẹ̀kọ bá gbẹ sétí ìkòkò. Mo fọ abọ́ náà, mo da omi tó kù nù, mo gba ilé lọ. Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la di ọdún méjìdínlógún. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pé ogún.

Lóṣù tó kọjá, mo gbé ṣòkòtò lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ kó bá mi dín ìbàdí rẹ̀ kù, nítorí mo ti rù. Qanitah ni télọ̀ náà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé tíṣà òun rèé. Ó fẹ́ fún mi lómi mu, mo sì ń wo bó ṣe ń fọ ife. Ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀, ó tún un fọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, sà. Láti ọjọ́ tí n kò fọ abọ́ yẹn dáadáa, n kì í fọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́."

Mo gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e kalẹ̀ láìmu ún. Ọmọ tó fi ojú ara rẹ̀ rí òótọ́ ti gba irọ́ mi gbọ́ ju ojú rẹ̀ lọ.

"Qanitah," mo ní, "abọ́ rẹ mọ́. Omi tèmi ni kò jẹ́ ògidì."

Mo rò ó fún un, ti kẹ́ẹ̀gì àti ti ìgò. Kò sunkún. Ó jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀, ṣòkòtò mi wà lórí itan rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀, sà?"

Ìbéèrè tí mo ń bẹ̀rù nìyẹn. Mo wolẹ̀.

"Ọjọ́ tí bàbá rẹ wá bẹ̀ mí ni. Kò tíì délé tí mo fi mọ̀."

Ó rọra ká ṣòkòtò mi bó ṣe gbà á, kò fi abẹ́rẹ́ kàn án, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi.