Ẹnìkejì fún Ẹja Hikmat

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 2024, Hikmat Ọdẹ́túnjí kú nínú yàrá rẹ̀ ní àdúgbò Ladi-Lak. Ikọ́ fée ni. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, kò sì sí ohun ẹlẹ́mìí kankan lọ́dọ̀ rẹ̀ àfi ẹja bẹ́tà kan nínú àpótí gíláàsì.

Ẹja náà ni Ràmọ́nù, bàbá rẹ̀, gbé dání nínú ìgò nígbà tó dúró síwájú ìsọ̀ Wonder ní Bàrígà. Oṣù kẹjọ ti dé ìdajì. Wonder ló ta ẹja náà fún Hikmat, òun nìkan sì ni Ràmọ́nù mọ̀ tó ń ta ẹja tí wọn kì í jẹ.

"Dádì, ẹ káàsán. Ẹ tún ti gbé Alága dé?"

Wonder gba ìgò náà, ó gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Hikmat ló sọ ẹja náà ní Alága, nítorí lẹbẹ pupa rẹ̀ tó gùn wọ́lẹ̀ bí agbádá.

"Kò jẹun láti ìjẹta," Ràmọ́nù wí. "Ó kàn dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀."

"Ṣé ẹ ń pààrọ̀ omi rẹ̀ bí mo ṣe wí?"

"Lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta."

"Ẹ ò jẹ̀bi nǹkan kan nígbà yẹn. Ọjọ́ orí ni, Dádì. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí Àǹtí Hikmat ti rà á. Láàárín àwọn bẹ́tà, bàbá bàbá yín nìyí."

Ràmọ́nù kò rẹ́rìn-ín. "Oògùn wo ló wà fún un?"

"Oògùn ọjọ́ orí? Tí ẹ bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra tèmi." Nígbà tó rí ojú bàbá náà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Kò sí, sà. Ẹ jẹ́ kó máa sinmi. Omi tó mọ́, oúnjẹ díẹ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ju ìyẹn lọ."

Ràmọ́nù gbé ìgò náà padà sí Ṣómólú nínú kẹ̀kẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó sì ń wo inú rẹ̀ nígbàkígbà tí kẹ̀kẹ́ bá kó sí kòtò.

Hikmat nìkan ni Ọlọ́run fún un. Lẹ́ẹ̀mejì ló ti bá a jà lórí yàrá Ladi-Lak. Ó ní ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ kì í dá ilé gbé nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé. Hikmat ní ibi tó dákẹ́ lòun ń fẹ́. Ní ọjọ́ kejì tó kú ni onílé rẹ̀ tó já ilẹ̀kùn. Àbdùlláhì, àbúrò ìyàwó Ràmọ́nù, ló ṣáájú àwọn tó lọ sin ín ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Wọn kò jẹ́ kí Ràmọ́nù àti Fàsílátù ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, nítorí a kì í mú òbí dé ojú oórì ọmọ. Ràmọ́nù kò mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Kò sì béèrè.

Ní ọjọ́ kejì tó gbé ẹja lọ sọ́dọ̀ Wonder, ó dúró nídìí maṣíìnì tí wọ́n fi ń gé ìwé ní ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọlápọ̀sí, ojúgbà rẹ̀ tó ń rán ìwé pọ̀, wá kó àwọn tó ti gé. Ó gbé ọ̀kan wò, ó sì lanu.

"Ràmọ́nù! Ìwé ìpè ìgbéyàwó lèyí. O ti gé ìyàwó kúrò, ó ku ọkọ nìkan!"

Ràmọ́nù wò ó. Lóòótọ́ ni. Gbogbo igba ìwé náà ni abẹ ti jẹ wọ inú lẹ́tà.

"Màá tún un gé," ó wí.

"Kí lo fẹ́ tún gé? Pépà tó ti gé, ṣé ó máa hù ni? Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ẹja yẹn ò jẹun."

"Ẹja!" Ọlápọ̀sí yíjú sí àwọn yòókù. "Etí ọ̀sà ni wọ́n ti bí mi ní Bàrígà. Ẹja tí kò ṣeé sè, tí kò ṣeé dín, tó tún ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà, èmi ò rírú ẹ̀ rí!"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ọlápọ̀sí rí i pé ọ̀rẹ́ òun ti ń kó àwọn ìwé tó bàjẹ́ jọ, ó jókòó sórí bébà tí wọ́n kó jọ.

"Òun nìkan ló wà nínú gíláàsì yẹn?"

"Òun nìkan."

"Láti ọjọ́ tí ọmọ ti lọ?"

"Láti ọjọ́ tó ti rà á."

"Ó dáa. Nígbà tí nǹkan yìí ṣẹlẹ̀, ṣé a fi ìwọ àti ìyàwó rẹ sílẹ̀ lẹ́yin nìkan? Ogójì ọjọ́ gbáko làwọn èèyàn fi sùn sí pálọ̀ yín. A kì í fi ọlọ́fọ̀ sílẹ̀ lóun nìkan. Ojú ẹja yẹn ni ọmọ ṣe kú. Ẹ̀dá Ọlọ́run lòun náà. Wá ẹnìkejì fún un."

Ràmọ́nù rò ó. Kò rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́.

Nígbà tó kírun Jímọ̀ tán, ó gba Bàrígà lọ.

"Mo fẹ́ ẹja kan. Irú Alága gan-an."

Ojú Wonder rọ̀. "Ṣé Alága ti...?"

"Kò kú."

"Ìyẹn dáa." Ó mú ọ̀kan aláwọ̀ aró láàárín àwọn ìgò tó tò sórí pákó. "Ọmọdé lèyí, ó lágbára. Ṣé ẹ ní ibi tẹ́ ẹ máa fi í sí?"

"Mo ní."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ràmọ́nù kì í ṣe ẹni tó ń ro ẹjọ́ fún ọmọ tó lè bí. Wonder so ẹja náà sínú ọ̀rá olómi, ó ní kó bá òun kí Màmá.

Yàrá tí Hikmat ń sùn kó tó lọ sí Ladi-Lak ni àpótí gíláàsì náà wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé, Fàsílátù kò wọ ibẹ̀. Ràmọ́nù tú ọ̀rá, ó da ẹja tuntun náà sínú omi, ó sì lóṣòó tì í.

Alága, tí kò kúrò nílẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, gbéra. Ó yíjú sí àlejò náà, ó na gbogbo lẹbẹ rẹ̀ gbalaja, ó fẹ ìjàgbọ̀n tó fi ń mí sóde bí irùngbọ̀n. Pupa rẹ̀ tó ti ṣá tún dé.

"Fàsílátù! Wá wò ó."

"Ṣé ó ti kú ni?" Fàsílátù dáhùn láti ilé ìdáná.

"Mo ní kó o wá wò ó."

Ó wá, ó ń nu ọwọ́ sí ìró. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ó wọlé.

"Ha. Bàbá Hikmat, ó mà rẹwà o!"

"Ó ń kí àlejò rẹ̀."

"Báyìí ló máa ń ṣe tó bá ń fi í hàn mí lórí fóònù." Kò sọ ẹni tó ń fi í hàn án. Ó fi ìka kan gíláàsì. "Kí lorúkọ èkejì?"

"Kò tíì lórúkọ."

"Ká máa pè é ní Akọ̀wé. Ṣé Alága lè wà láìní akọ̀wé ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ràmọ́nù kò gbọ́ ẹ̀rín náà láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun alásàrí, wọ́n sì jọ kí i ní pálọ̀. Ràmọ́nù pẹ́ lórí àdúà rẹ̀.

Nígbà tó padà wọ yàrá, ègé pupa ń léfòó káàkiri inú omi bí òwú aṣọ tó ya. Alága ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Èkejì ṣì ń bù ú jẹ. Ràmọ́nù ki ọwọ́ bọ omi tòun ti apá aṣọ, ó gbá aláwọ̀ aró náà mú, ó jù ú sínú ike kọ́sítáàdì, ó sì pe Wonder.

"Inú gíláàsì kan náà?" Wonder pariwo lórí fóònù. "Dádì, mo bi yín! Akọ méjì kì í gbé pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí i tí wọ́n na lẹbẹ gbalaja, ìjà ni wọ́n fẹ́ jà."

"Inú rẹ̀ dùn. A rí i."

"Inú rẹ̀ ò dùn, sà. Àdágbé ni wọ́n ń gbé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wù wọ́n. Àǹtí Hikmat mọ̀. Ó máa ń sọ pé ìwà òun àti Alága bára mu, pé àwọn méjèèjì ò fẹ́ wàhálà ẹnikẹ́ni."

Ràmọ́nù wo Alága níbi tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí.

"Kí ni mo lè ṣe?"

"Ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sínú omi. Ṣùgbọ́n ẹ má retí nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́."

Ó bu iyọ̀ sí i. Kò lọ síbi iṣẹ́ ní Sátidé, ó jókòó ti àpótí náà. Ojú ọ̀tún Alága ti fọ́. Kò sí lẹbẹ tó lè fi gbéra wá mí lókè omi mọ́, nítorí náà Ràmọ́nù ń dín omi náà kù díẹ̀díẹ̀, títí ó fi lọ sílẹ̀ dé ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, Fàsílátù gbé ẹ̀kọ tutù wá fún un, ó sì jókòó.

"Èmi ni mo ṣe é," Ràmọ́nù wí.

"Ẹ ò mọ̀."

"N kò béèrè."

Fàsílátù tú ewé kúrò lára ẹ̀kọ. Ó gbé ẹ̀kọ náà súnmọ́ ọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ìjàgbọ̀n Alága kò ṣí mọ́. Fàsílátù mú ọ̀rá wá.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí n pe Àbdùlláhì kó wá gbé e."

"Rárá."

"Bàbá Hikmat, ẹ gbọ́ tèmi."

"Wọ́n bá mi sin èkínní. Èyí, èmi ni màá sin ín."

Fàsílátù wò ó. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ilé ìdáná, ó sì mú ṣíbí ìrẹsì tó tóbi jù wá.

Sìmẹ́ǹtì ni gbogbo àgbàlá náà, àfi ìwọ̀nba ilẹ̀ tó yí ìdí ìbẹ́pẹ ká lẹ́yìn balùwẹ̀. Ràmọ́nù kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀ títí ihò náà fi gba ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ó wé ẹja náà sínú pépà funfun, ó tẹ́ ẹ, ó bò ó. Fàsílátù dúró tì í, kò gbé ojú kúrò. Nígbà tí Ràmọ́nù parí, kò tètè dìde. Ó wo ibẹ̀ dáadáa, ó wo bó ṣe jìnnà sí ògiri àti sí igi, títí tó fi dá a lójú pé òun mọ̀ ọ́n.

Àwọn ohun tó kù nínú yàrá nìyí: àpótí gíláàsì kan, omi inú rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ, òkúta wẹ́wẹ́, agolo oúnjẹ ẹja kan, ohun tó kù nínú rẹ̀ lé ní ìdajì, àwọ̀n kékeré kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ̀, ìwé tí Hikmat fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọjọ́ tó máa ń pààrọ̀ omi sí, ọjọ́ tó kẹ́yìn jẹ́ ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, àti ike kọ́sítáàdì kan lẹ́bàá fèrèsé, tí ẹja aláwọ̀ aró kan tí Hikmat kò rí rí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, tí ebi ń pa.