Ta Ló Ń Fa Táńkì Bàbá?

Ẹ má pe Hai Sương ní onífura létí ara rẹ̀ o, ìjà ni yóò dà. Àmọ́ kí ni kéèyàn wá pè é? Hai túmọ̀ sí Èkejì, bẹ́ẹ̀ òun ni àkọ́bí bàbá rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn ní gúúsù Vietnam, wọn kì í pe àkọ́bí ní Ìkíní, kí ibi tó ń wá àkọ́bí kiri má baà dá a mọ̀. Ẹni tí wọ́n ti ń fura nítorí rẹ̀ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, tó bá dàgbà tán tó ń fura, kò jalè.

Ilé táńkì ni ilé wọn ní erékùṣù Phú Quốc. Táńkì onígi ni, tí wọ́n fi okùn pàǹkẹ́rẹ́ dì lámùrè. Ẹja wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀, wọ́n á gbé òkúta lé e lórí, ó di ẹ̀yìn ọdún kan kí wọ́n tó ṣí ihò ìsàlẹ̀ kí omi ẹja pupa máa kán jáde. Kò sí oúnjẹ tí wọn kì í tì bọ omi ẹja yẹn. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, hòtẹ́ẹ̀lì etíkun ló ń ra àwọn táńkì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń gé wọn sí méjì kí àwọn àlejò máa wẹ̀ nínú wọn. Mẹ́ta ló kù. Méjì ṣófo, omi iyọ̀ lásán ló wà nínú wọn kí igi má baà gbẹ kó là. Ẹ̀kẹta, tó kéré jù, ni wọ́n ń pè ní Táńkì Bàbá: ọwọ́ bàbá ló kàn án, ẹja tó wà nínú rẹ̀ sì ni bàbá fi iyọ̀ sí kẹ́yìn.

Màmá Tám Ngà, oníbàárà bàbá wọn àtijọ́, ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lẹ́yìn Tết, ọdún tuntun wọn. Bí omi àkọ́fà Táńkì Bàbá bá dùn bí ti àtẹ̀yìnwá, yóò máa ra gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe lọ́dọọdún, wọ́n á sì tún kó ẹja sí àwọn táńkì tó ṣófo. Bí kò bá dùn, kí hòtẹ́ẹ̀lì wá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ilé náà parí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ni ilé gbà bẹ́ẹ̀: Hai Sương, Ba Lẫm àbúrò rẹ̀, tó wa táńkì ogun ní Cambodia nígbà èwe, tí ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ sì ti gba etí rẹ̀ kan lọ, àti Nhàn, opó àbíkẹ́yìn wọn. Wọ́n ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan táńkì náà títí Màmá Tám yóò fi dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí gbogbo erékùṣù ń sun oorun ọ̀sán, Hai Sương gun àkàbà lọ wo Táńkì Bàbá. Omi tó yẹ kó bo òkúta mọ́lẹ̀ ti fà sẹ́yìn, ẹ̀yìn òkúta ti gbẹ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa díẹ̀ nísàlẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Ó dà bíi pé ó tẹ́ lẹ́nu.

"Olè ti wọlé," ló wí fún ara rẹ̀. Ta ni? Lẫm tó ń sọ pé kí wọ́n ta ilé kí wọ́n sinmi ni, àbí Nhàn tí ọmọ rẹ̀ wà ní Sài Gòn, tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí i ṣáá? Kò ní ẹ̀rí. Ó bá fa ìgò kan kún, ó gbé e sábẹ́ ibùsùn rẹ̀, kó lè fi han Màmá Tám bí omi náà ṣe rí kí olè tó bà á jẹ́. Kí olè má sì fura pé wọ́n ń ṣọ́ òun, ó bu omi iyọ̀ láti inú táńkì tó ṣófo, ó dà á lé e lókè dípò ohun tó fà. Ọgbọ́n lèyí lójú rẹ̀. Ó tún padà lọ lọ́jọ́ kejì láti wò ó bóyá ó ti yàtọ̀, ó sì yàtọ̀. Ẹ̀rí kan kò sì tó ẹ̀rí méjì.

Ìdílé tó bá wà papọ̀, abọ́ omi ẹja kan ṣoṣo ló máa ń wà láàárín wọn, tí kálukú ń ti oúnjẹ bọ̀. Abọ́ kan yẹn làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń jẹ, àmọ́ ojú ń bẹ lára ojú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mà jẹun," ni Lẫm wí ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ya ẹja sísun. "Àbí ẹ ti jẹ tiyín lọ́sàn-án?"

"Ọ̀sán wo? Kí ni mo jẹ lọ́sàn-án?"

"Mo kàn bèèrè ni o. Àwọn kan wà tí kì í sùn nígbà táráyé bá ń sùn."

"Ẹ̀gbọ́n Lẫm, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun jàre," ni Nhàn dá sí i. "Ẹnu yín yìí, bí wọ́n bá bu epo sí i, á wa ara rẹ̀ padà sójú ogun."

Lẫm rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "O ṣé tó o rán mi létí ogun. Àwa mẹ́rin la wà nínú táńkì yẹn, ooru ibẹ̀ lè se ẹyin. Kẹ́ẹ̀gì omi kan la ní. La bá rí i pé omi ń lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò mu ún. Ọ̀gá wa wá ń gbóòórùn ẹnu wa bí ajá."

"Ṣé wọ́n mú olè ọ̀hún?" ni Hai Sương bèèrè.

"Wọ́n mú un." Ó dìde, ó lọ tan sìgá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Inú bí Hai Sương. Ta ni yóò pa ìtàn olè dé ìdajì bí kò ṣe olè? Láti ọjọ́ náà lọ, ohun gbogbo di ẹ̀rí lójú rẹ̀. Ó rí ojú ẹsẹ̀ tútù nídìí Táńkì Bàbá nígbà tó ti ilé òrìṣà dé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ Lẫm ni, ó tóbi. Ó gbọ́ òórùn omi ẹja lápá aṣọ Nhàn ní ìdájí, kí obìnrin náà tó lọ sọ́jà. Ó wá dá a lójú pé àwọn méjèèjì ti gbìmọ̀ pọ̀. Ìgò ń pọ̀ sí i lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, oorun sì ń dínkù lórí rẹ̀.

Màmá Tám dé. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í fi ẹnu pọ́n ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n fa omi sínú abọ́, kí wọ́n sì fún òun ní hóró ìrẹsì jíjinná kan. Nínú omi ẹja gidi, hóró yẹn á léfòó. Ó jù ú sí i. Ó rì.

Màmá Tám ti abọ́ náà sẹ́yìn.

"Mo mọ̀!" ni Hai Sương ké. "Mo mọ̀ pé ẹ máa pa iṣẹ́ bàbá mi! Màmá, ẹ dúró, mo ní ẹ̀rí!" Ó sáré wọ yàrá, ó sì kó ìgò rẹ̀ jáde.

Lẫm wo ìgò náà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "Ẹ̀rí kẹ̀? Èmi ni mo ní ẹ̀rí!" Òun náà wọlé, ó gbé páálí ìgò jáde lábẹ́ ibùsùn tirẹ̀. Kó tó gbé e sílẹ̀, Nhàn ti ń wọ́ àpò ìgò tirẹ̀ bọ̀, ó ń sunkún, ó ní òun fẹ́ kó wọn fún Màmá Tám kí ẹ̀gbọ́n méjèèjì má baà lé òun jáde pé òun ló jalè.

Màmá Tám ṣí ìgò kọ̀ọ̀kan, ó ju hóró ìrẹsì sí wọn. Gbogbo rẹ̀ léfòó. Ó tọ́ ọ wò, ó sì dijú fún ìgbà díẹ̀.

"Bàbá yín nìyí," ló wí. "Kí lẹ wá fi dípò ohun tí ẹ fà?"

Ìyá arúgbó gun àkàbà, ó wo inú àwọn táńkì tó ṣófo. Omi iyọ̀ tó yẹ kó kún wọn ti dé ìdí, igi òkè sì ti là gbagada.

"Àmọ́ olè wà, Màmá!" ni Hai Sương wí. "Omi ti fà sẹ́yìn kí n tó fọwọ́ kàn án."

"Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé igi máa ń mu ìpín tirẹ̀ lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀?"

Wọ́n mọ̀. Nílé táńkì, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Nhàn bẹ̀bẹ̀, "ẹ kó àwọn ìgò yìí. Ẹ fún wa lọ́dún kan sí i. A ó di àwọn igi tó là."

"Igi kọ́ ni mò ń wò. Mo fẹ́ kí ẹnì kan máa ṣọ́ táńkì fún mi. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi ẹni tí ọkàn yín balẹ̀ sí hàn mí."

Hai Sương wo Lẫm. Lẫm wo Nhàn. Nhàn wo ilẹ̀.

"Mo ti gbọ́," ni Màmá Tám wí, ó sì mú agboòrùn rẹ̀.

Ọkọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì dé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Nígbà tí wọ́n gbé Táńkì Bàbá sórí rẹ̀, Hai Sương di okùn pàǹkẹ́rẹ́ náà mú, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ń gbé òkú jáde nílé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó jókòó ti àbúrò rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ìdí táńkì ti tẹ̀ sí.

"Lẫm, ta ni olè inú táńkì ogun yín nígbà náà?"

"Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, Ẹ̀gbọ́n. Kálukú ń mu ún kí àwọn yòókù má baà mu ún tán."

"O ò sì sọ ọ́ parí."

"Mo rò pé ẹ̀yin ni olè. Mo fẹ́ kí ẹ̀rù bà yín."

Nhàn gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀, ìrẹsì àti ẹja sísun, ó sì da omi ẹja láti inú ìgò kan sínú abọ́ kan ṣoṣo láàárín wọn. Òórùn bàbá gba gbogbo ilé. Hai Sương fi igi ìjẹun mú ẹja, ó nà án lọ sí abọ́ náà, ó sì dúró. Ó rí i pé Lẫm náà ti dúró. Ìgò náà ni Lẫm ń wò, láti mọ abẹ́ ibùsùn ta ni ó ti wá.