Ẹnu Ìyá Tépù

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ náà nígbà tí agolo epo ẹ̀rọ ìránṣọ dà sórí ìwé tí ìyá rẹ̀ ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Gbogbo ojú ìwé lẹ̀ mọ́ra, kò sí èyí tó ṣe é kà mọ́. Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí, torí aṣọ mọ́kànlá ló wà nílẹ̀ tí kò tíì gé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni wọ́n ni kò sì sí nítòsí. Ọmọ tó ń fi àjákù aṣọ ṣeré lábẹ́ tábìlì wá yọ orí síta.

"Mọ́mì, ẹ má sunkún. Àyà Nọ́ọ̀sì, méjìdínlógójì. Ìbàdí wọn, méjìlélógójì. Apá wọn, mẹ́tàlélógún."

Ó ka ti àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá láìṣì ẹyọ kan. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti ra ìwé mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ìyá á na tépù sí oníbàárà lára, á pe nọ́ńbà sókè, ọmọ á mi orí, ó parí. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Tépù, ìyá rẹ̀ sì di Ìyá Tépù. Wọ́n á máa fi ṣàwàdà: "Tépù, ṣé mo ti sanra sí i?" Òun náà á dáhùn pé, "Íǹṣì méjì péré ni, mà, a ò ní jẹ́ kí ọkọ yín gbọ́." Ta ni yóò bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí orí rẹ̀ kò ní wú?

Àmọ́ ilé ìwé kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Tépù pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó dé kíláàsì kẹrin, kò sì lè ka ìlà kan já. Ohun tí wọ́n bá kà sí i létí, ó ti gbà á nìyẹn. Ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ nínú ìwé, ojú rẹ̀ á kàn máa rìn gbéregbère lórí rẹ̀ ni.

"Wọn kì í dúró, mọ́mì," ló sọ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Tí mo bá mú lẹ́tà àkọ́kọ́, èkejì á ti sá lọ."

Ìyá rẹ̀ rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó lọ bá òun mú àlùmọ́gàjí wá.

Ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ Tíṣà kíláàsì kẹrin, kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ọmọ méjìléláàádọ́ta ló kó jọ síwájú rẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo. Àwọn tí ìwé kò bá yé rárá, á ní kí wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn, á fún wọn ní bébà kí wọ́n máa ya àwòrán, á sì máa bá àwọn yòókù lọ. "Ọlọ́run ló pín ọpọlọ," á wí bẹ́ẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn. Ọ̀lẹ ló ń fi pàṣán nà. Ẹ̀yìn ni Tépù jókòó sí fún sáà méjì, tó ń ya ṣòkòtò àti bùláòsì, tí ẹnikẹ́ni kò dí i lọ́wọ́.

Ní ìparí sáà kejì, wọ́n fi ìwé èsì ránṣẹ́ sílé. Tépù ló gbẹ̀yìn. Lábẹ́ rẹ̀, Tíṣà kọ ọ́ pé ọpọlọ ọmọ yìí kò gbé ẹ̀kọ́. Ìyá Tépù kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi aṣọ sílẹ̀ lẹ́nu abẹ́rẹ́, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó di ilé ìwé. Bàbá Tépù ì bá pẹ̀tù sí i nínú, àmọ́ awakọ̀ akẹ́rù ni, ó sì ti lé ní oṣù kan tó ti jáde nílé.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ọmọ mi ò lọ́pọlọ?"

"Ẹ jókòó, mà. Mi ò fi bú yín o. Ẹ̀bi ọmọ kọ́."

"Mi ò jókòó. Tépù, sọ ìwọ̀n Nọ́ọ̀sì fún wọn."

Tépù sọ ọ́. Ó sọ ti Ìyá Oníbúrẹ́dì, ó sọ ti ọkọ rẹ̀, ó sọ ti àwọn ọmọ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá rẹ̀ ń pe orúkọ, òun ń dáhùn, títí ó fi tó ogójì ènìyàn. Àwọn ọmọ kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Tíṣà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wo ọmọ náà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọlé.

"Ó wá lè kó gbogbo eléyìí sórí?"

"Kò sóhun tí ọmọ mi ò lè kó sórí!"

"Hùn-ùn." Tíṣà fi gíláàsì rẹ̀ padà sójú. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ jẹ́ kí n mọ̀, mà. Àánú ẹ̀ ló ti ń ṣe mí látọjọ́ yìí. Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Ìyá Tépù ń yan bọ̀ wá sílé lọ́jọ́ náà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohun tí àwọn àgbà kò fi kún un ni pé nígbà mìíràn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ọ̀ràn bá kì í ṣe ti ẹni tó la ẹnu.

Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, Tíṣà gbé Tépù wá síwájú pátápátá. Ní àràárọ̀, á ní kó dìde, kó ka ìlà mẹ́ta lójú pátákó. Ọ̀rọ̀ kan tó bá ṣì, pàṣán kan ní àtẹ́lẹwọ́. Ìlà mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógún. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ìyá rẹ̀ rí i pé kì í fẹ́ di nǹkan mú mọ́. Ó bi í, Tépù ní òun ṣubú ni. Nígbà tó bi í lẹ́ẹ̀kejì tí òótọ́ jáde, kí ni obìnrin yìí sọ? Ó ní, "Ìwọ náà, gbìyànjú díẹ̀ sí i. Ẹni tó kó ogójì ènìyàn sórí, ṣé lẹ́tà lásán ló yẹ kó máa dà á láàmú?" Bẹ́ẹ̀ ló sọ. Ó sì máa rántí pé òun sọ ọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun, ó ní kí wọ́n fi rán yúnífọ́ọ̀mù fún òun.

"Tépù, ìbàdí mi ńkọ́?"

"Mi ò rántí mọ́, mà."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó má ṣeré. Tépù wo ilẹ̀, ó ní ogójì ni. Wọ́n gé e ní ogójì. Ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì wá gbé e wọ̀, aṣọ há sí i ní ìbàdí, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Tépù ló ń bá a fà á bọ́ tí Nọ́ọ̀sì fi rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó dá ọwọ́ náà dúró, ó tẹ̀ ẹ́ níbi tó wú, ọmọ náà sì fà sẹ́yìn.

"Ìyá Tépù, ta ló ṣe ọmọ báyìí?"

Ìyá kò lè wo ojú rẹ̀. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì lọ, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀.

"O rántí ìbàdí Nọ́ọ̀sì, àbí o ò rántí?"

"Méjìlélógójì."

"Kí ló wá dé tó o fi parọ́ fún mi?"

"Torí pé ẹ máa lọ sọ fún wọn." Bí ẹni ń ka ìwọ̀n ló ṣe ń sọ ọ́. "Nígbà tí Tíṣà rò pé mi ò gbọ́n, wọn ò nà mí. Ìgbà tẹ́ ẹ sọ pé mo gbọ́n ni wọ́n bẹ̀rẹ̀."

Ìyá Tépù sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ bá Tíṣà. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òótọ́. Ó ní ọmọ náà ń gbìyànjú, pé lẹ́tà kì í dúró fún un, ó ń sá mọ́ ọn lójú.

"Ẹsẹ̀ wo ni lẹ́tà fi ń sá, mà?" Tíṣà kò pariwo. "Ẹ̀yin lẹ dúró síbí yìí tẹ́ ẹ ní kò sóhun tí ò lè kó sórí. Ẹ ò gbọdọ̀ kẹ́ ẹ bà jẹ́. Tí mo bá fi í sílẹ̀ báyìí, ó máa bú wa tó bá dàgbà."

Ìyá Tépù wo pàṣán lórí tábìlì. Ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ilé ìwé mìíràn kò sí tí ẹsẹ̀ ọmọdé lè rìn dé.

"Irọ́ ni mo pa, sà," ló sọ. Gbogbo kíláàsì ló gbọ́. "Èmi ni mo kọ́ ọ ní gbogbo nọ́ńbà ọjọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe ń kọ́ odídẹrẹ́. Ojú ló ń tì mí. Olódo ni ọmọ mi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Tíṣà yíjú sí ọmọ náà.

"Tépù, kí ni ìwọ̀n Nọ́ọ̀sì?"

Tépù jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ó wo òrùlé, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó họ orí.

"Mẹ́wàá, sà?"

Tíṣà mí kanlẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa á lórí pẹ̀lú àánú gidi, ó fún un ní bébà méjì, ó ní, "Padà sẹ́yìn, ọmọ mi. Má bínú sí mi." Ó ní kí ìyá náà má bínú.

Nígbà tí wọ́n jáde ilé ìwé lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ ń dúró ní ẹnu géètì. Tépù sáré wá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń fò bí wọ́n ṣe ń lọ.

"Ẹ ṣé gan-an, mọ́mì. Ẹ ṣe é dáadáa. Wọ́n gbà yín gbọ́."

Ìyá rẹ̀ rọra di ọwọ́ náà mú.

"Ẹ má tún sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láé pé mo gbọ́n. Ẹ ṣèlérí fún mi."

Ìyá rẹ̀ ṣèlérí.