Pápá Onípákó Tó Bá Lavonne Lọ

Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń dágbére nílẹ̀ tiwa kò lè mọ bí mo ṣe sọ odindi pápá bọ́ọ̀lù nù láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹta. Nílẹ̀ tiwa, ó dàbọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ìrìn àjò ni. Àlejò á kọ́kọ́ fọwọ́ gbá itan, á ní, "Ó dáa o." Gbogbo ilé á dìde, ìtàn tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn tán, ó di ìdí ọkọ̀. Àlejò á ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, á tún sọ gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ àgbàdo àti òjò á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá délẹ̀. Ẹni tó bá gé e kúrú, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni.

Orúkọ mi ni Orrin. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kó ẹrù láàárín Milwaukee àti Des Moines, mo sì mọ kòtò ojú ọ̀nà náà bí ìyá ṣe mọ àpá ara ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù ọjọ́ tí mò ń wí yìí kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Páìpù omi ló bẹ́ nínú gbọ̀ngàn eré ní Des Moines, pákó ilẹ̀ rẹ̀ sì wú bíi búrẹ́dì tó já sínú tíì. Bẹ́ẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ni àwọn ọmọbìnrin fẹ́ gbá àṣekágbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Abúlé wa wà nínú rẹ̀! Abúlé tí kò tó ẹgbẹ̀rin ènìyàn, tí kò tíì dé àṣekágbá rí láti ọjọ́ tí a ti tẹ̀ ẹ́ dó. Maren, ọmọ ọmọ mi, ni olórí àwọn tó ń gbá a.

Wọ́n bá yá pápá onípákó kan ní Milwaukee, pákó tó lé ní igba, tí wọn á máa tò pọ̀ bí ẹní. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ gbé e wá. Àwọn alákòóso sì ti là á mọ́lẹ̀: bí aago kan ọ̀sán bá fi lè lù kí pákó tó dé, àwọn á gbé eré náà lọ sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ Prairie Hill. Ta sì ni a fẹ́ bá gbá a? Prairie Hill náà ni!

Maren pè mí lórí fóònù. "Bàbá àgbà, wọ́n ní àwọn ará Prairie Hill ti ń gbá ilẹ̀ dè wá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká lọ gbá bọ́ọ̀lù nínú pálọ̀ wọn."

Mo ní, "Ìwọ ṣáà wọ bàtà ẹ. Èmi á gbé ilẹ̀ bọ̀, ìwọ á wá fò lórí ẹ̀."

Ẹnu mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹnu ẹni tó ti dé ibi tó ń lọ.

Aago márùn-ún ìdájí ni mo wọ ọgbà tí a ti ń gbẹ́rù ní Milwaukee. Ọkọ̀ tiwa, orí lọ́tọ̀, àpótí ẹrù lọ́tọ̀. Àwọn tó ń di ẹrù á ti dì í sínú àpótí, wọ́n á fi èdìdì tì í. Awakọ̀ á gbé orí ọkọ̀ wá so mọ́ ọn, á ka nọ́ńbà ẹ̀yìn àpótí mọ́ ti inú ìwé, ó di ọ̀nà. Ìyẹn ni pé, bí Delmar kò bá sí níbẹ̀. Delmar ló ń ṣọ́ ọgbà náà, ọmọlúàbí ènìyàn ni, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdágbére bíi tirẹ̀ láti ibẹ̀ dé odò Mississippi.

Mo ní kí n lọ wo nọ́ńbà, ó na àwo kan sí mi. Ìyàwó rẹ̀ ló fi ọ̀dùnkún àti wàrà yan oúnjẹ sí mi. Mo dúpẹ́, mo gbẹ́sẹ̀, ó ní, "Orrin, o ò tilẹ̀ bi mí léèrè orúnkún ẹ̀." Ta ló máa kọ ẹ̀yìn sí ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ orúnkún ìyàwó rẹ̀? Mo bi í. Orúnkún ọ̀tún tán, ó kan ti òsì. Nígbà tí mo fi ráyè gbá itan lẹ́ẹ̀kẹta, ojú ń tì mí láti tún rìn yí ká àpótí. Àpótí kan ṣoṣo ló sì kù níbẹ̀. Lavonne, tó ń kó ẹrù lọ sí Minneapolis, ti fa tirẹ̀ jáde ṣáájú. Mo so orí mọ́ ọn, mo juwọ́, mo bọ́ sọ́nà.

Áà, ọkọ̀ ń sáré! Ó ń gun òkè bí ewúrẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mẹkáníìkì kan tú ẹ́ńjìnnì mi palẹ̀ tó sì tún un tò, mo sì ń gbàdúrà fún un láti Milwaukee dé Madison. Mo ní kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ rẹ̀. Eré ni, eré ni, alábahun ń wọ ìdẹ.

Ní Madison mo yà síbi tí a ti ń wọn ọkọ̀, nítorí ẹrù pákó tó wúwo bí erin mẹ́rin, ènìyàn kì í gbé e kọjá láìwọ̀n ọ́n. Ọmọbìnrin tó wà lójú fèrèsé wo ìwé ìwọ̀n, ó wò mí.

"Bàbá, kí lẹ kó? Ṣé atẹ́gùn ni?"

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wo ẹ̀yìn. Nọ́ńbà àpótí kò jọ ti inú ìwé rárá; àpótí Lavonne ni, tó ń kó ìpápánu lọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dùnkún díndín inú ọ̀rá ni mo ti ń gbé sáré, tí mo ń súre fún mẹkáníìkì!

Mo pe Lavonne. Ó ti kọjá Wisconsin Dells, ó ti fi nǹkan bíi wákàtí kan jìnnà sí mi.

"Lavonne, báwo ni ọkọ̀ ẹ ṣe ń ṣe?"

"Bàbá Orrin, ẹ má dá sí i! Afẹ́fẹ́ ń fà mí sẹ́yìn láti àárọ̀. Mi ò rí irú ẹ̀ rí."

"Kì í ṣe afẹ́fẹ́, ọmọ mi. Pápá bọ́ọ̀lù ni."

Ó figbe ta. Ó ní, "Delmar!"

"Orúnkún ló sọ fún ìwọ náà?"

"Méjèèjì! Ẹ dúró síbẹ̀. Mo ti ń yà níwájú yìí, mò ń bọ̀."

Kò bèèrè ẹni tó jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ náà ń pẹ́. Mo tú àpótí ọ̀dùnkún sílẹ̀ dè é, mo ń rìn yí orí ọkọ̀ ká bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ọmọbìnrin ojú fèrèsé gbé kọfí wá fún mi, n kò lè mu ún. Nígbà tí Lavonne yọ, ó ń fọn fèrè ọkọ̀ láti òkèèrè. Ó tú tirẹ̀, mo so ó mọ́ tèmi. Mo ka nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mẹta sókè ketekete, mo fọwọ́ mi èdìdì rẹ̀ wò. Òun náà so tirẹ̀. Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ìrìn wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ló kù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni àyè tí mo ní.

Mo jókòó sídìí ọkọ̀, Lavonne bá fọwọ́ gbá itan. "Ó dáa o." Ó fẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn ọkọ̀ mi. "Ìyá mi ní kí n kí yín. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi..."

Ìtìjú bò mí, ìbẹ̀rù mú mí. Obìnrin tó yí ọkọ̀ padà nítorí mi! Ṣùgbọ́n mo rí Maren nínú pálọ̀ Prairie Hill. Mo ti ilẹ̀kùn.

"Lavonne, dákun sọ̀ kalẹ̀. Mò ń lọ."

"Ṣé báyìí?"

"Báyìí!"

N kò ṣe irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo rí i nínú dígí, ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Ọkọ̀ ń kérora wàyí, ìkérora náà sì dùn mọ́ mi létí. A gun òkè, a sọ̀ kalẹ̀. A kọjá lórí afárá Mississippi ní Dubuque, yìnyín ṣì ń léfòó lójú omi. Oko àgbàdo tí a ti kó ń sá kọjá lọ́tùn-ún lósì. Gbogbo ibi tí mo máa ń yà, n kò yà. Oúnjẹ ìyàwó Delmar wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òórùn rẹ̀ ń bẹ̀ mí, mo ní kó fara balẹ̀.

Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo yà wọ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn náà. Alákòóso kan dúró pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdajì abúlé mi ti wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n tò bí èèrà. Maren ló já èdìdì.

"Bàbá àgbà, ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ló kù! Kí lẹ tún ń wá lójú ọ̀nà?"

"Mo lọ rà ọ́ ní ọ̀dùnkún díndín. Gbé pákó, jàre!"

Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n ti fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sókè, mo jókòó láàárín ariwo, mo pe Lavonne.

"Ta nìyẹn? Ṣé bàbá tó sá lọ ni?"

"Òun ni. Ó dáa o. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àbúrò ẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti àbúrò, ó sọ ti ìyá, mo sọ ti oúnjẹ Delmar. Ìgbà tí Maren ju bọ́ọ̀lù ìkẹyìn sínú agbọ̀n tí gbogbo abúlé fò sókè lórí pákó, Lavonne gbọ́ ọ láti Minneapolis, ó ń pariwo, "Ṣé a gba ife ẹ̀yẹ? Ṣé a gbà á?"

Mo ní a ti gbà á o! Ìdágbére wa kò sì tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà dé ìdí ọkọ̀.