Iye Mẹ́ta Lórí Òkúta Kan

Awọ ọṣẹ náà ń gun páìpù gíláàsì lọ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, Luan Guizhen sì di aago mú bí ẹni di ẹyin mú. Awọ náà kọjá ìlà ìsàlẹ̀, Guizhen tẹ aago. Ó kọjá ìlà òkè, ó tún tẹ̀ ẹ́. Gáàsì ló ń la òkúta kọjá, òun ló ń ti awọ ọṣẹ náà lọ. Òkúta ọ̀hún kò ju àtàńpàkò lọ, inú kànga epo ni wọ́n ti gé e wá. Bí awọ bá yára gòkè, òkúta ń jẹ́ kí gáàsì kọjá. Bó bá ń wọ́, òkúta há nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n Luan."

Ẹnjiníà Xing ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fáìlì. Oṣù tó kọjá ni wọ́n fi ọmọbìnrin náà ṣe ọ̀gá ilé òkúta, níbi tí wọ́n ti ń wọn òkúta kànga. Kì í pariwo, ohun tó sì ń ba Guizhen lẹ́rù nìyẹn. Ẹni tó ń pariwo, èèyàn mọ ibi tó dúró sí.

"Ẹ̀yin lẹ wọn òkúta kànga keje?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Gbogbo mọ́kànlélógójì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Agbára gáàsì mẹ́ta la ní kí ẹ fi wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kékeré, àárín, ńlá. Ẹ wá wò ó. 0.27, 0.27, 0.27. Èyí, 0.34 lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí òkúta tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wọ̀n wọ́n ni, àbí ẹ kàn jókòó kọ ọ́?"

Guizhen gbé aago sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Ọ̀la ni ìpàdé. Bí n kò bá rí iye tòótọ́ mú lọ, wọ́n á dí kànga náà pa, n ó sì kọ orúkọ ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rẹ̀. Agogo méjì, ẹ wá wọn ọ̀kan lójú mi."

Guizhen kúkú wọ̀n wọ́n. Gbogbo wọn pátá. Ṣùgbọ́n iye kì í dúró. Agbára kékeré, 0.27. Àárín, 0.22. Ńlá, 0.17. Òkúta kan náà, ọwọ́ kan náà. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò dára, kí tún ni? Ọdún mọ́kànlá ló fi dáná fún àwọn agbẹ́kànga kó tó dé ilé òkúta. Lọ́dún kan, wọ́n wọn ìyẹ̀fun láàárọ̀, wọ́n tún wọ̀n ọ́n nírọ̀lẹ́, iye méjì ló jáde. Wọ́n gbé e gun bẹ́ǹṣì níwájú gbogbo èrò, wọ́n pè é lólè. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, ekòló ló ń sá fún. Nítorí náà, iye àkọ́kọ́ ló máa ń kọ sójú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí fọ́ọ̀mù, kó mọ́ tónítóní. Àwọn iye tó ń yí, inú ìwé pélébé kan nínú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló ń kọ wọ́n sí. Òun pàápàá kò lè sọ ìdí tó fi ń kọ wọ́n.

Kò sí òkúta tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iye kan náà kò bá dára, tí iye mẹ́ta kò sì dára, èwo wá ni wọ́n ń fẹ́?

Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán, ó wọ yàrá tí wọ́n ti ń se omi. Ó ṣí ẹnu ààrò. Ó ń ya ìwé náà lójú ewé lójú ewé, ó ń jù ú sínú èédú. Pang, ẹni tó ń gé òkúta, ló wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì mantou tó fẹ́ yá níná.

"Alásè! O tún ti padà sídìí iná? Kí lò ń sè, ìwé?"

"Ìwé àtijọ́ ni."

"Bu díẹ̀ fún mi. Ọbẹ̀ ìyàwó mi lónìí, ajá kọ̀ ọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá wò ó. "Kí ló ṣe ojú ẹ?"

"Èéfín ni."

Guizhen ti ìyókù ìwé náà bọ jákẹ́ẹ̀tì.

Agogo méjì lù. Òkúta kọkànlélógójì nìkan ló kù lódidi. Wọ́n ti lọ àwọn yòókù kúnná fún àyẹ̀wò mìíràn. Guizhen wọ̀n ọ́n lójú ọ̀gá. 0.27. 0.22. 0.17. Ó sọ bírò sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ọwọ́ mi ni."

Ẹnjiníà Xing sún fọ́ọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fa ìwé onílà jáde, ó fi àmì mẹ́ta sí i, ó gbé rúlà lé wọn. Rúlà gba orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fa ìlà náà lọ títí dé etí ìwé, ó dúró sí 0.12.

"Iye òkúta yìí nìyí."

"Ṣùgbọ́n n kò wọn 0.12."

"Kò sẹ́ni tó lè wọ̀n ọ́n. Ibi tí agbára gáàsì bá pọ̀ kọjá òǹkà nìyẹn. Bí agbára bá kéré, gáàsì kì í ṣàn bí omi. Ó máa ń yọ̀ lára ògiri ihò òkúta, á tètè kọjá. Èèyàn á rò pé òkúta náà ṣí ju bó ṣe rí lọ."

Guizhen rántí ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ. Àwọn tó bá tètè dé á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wọlé pẹ̀lú abọ́ wọn. Bí fèrè bá dún, èrò á há. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni. Kò sẹ́ni tó pè é lólè rí.

"Tó bá yí ńkọ́, ọ̀gá..."

"Tó bá yí, ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa nìyẹn."

Ọwọ́ Guizhen wọ jákẹ́ẹ̀tì kó tó ronú. Ẹnjiníà gba ìwé náà, ó ń ṣí i, ojú rẹ̀ ń tàn. Lẹ́yìn náà ó padà sójú ewé àkọ́kọ́.

"Òkúta kejìlélógún ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ṣáájú dà?"

Guizhen wo èékánná rẹ̀. Ó dúdú. "Mo sun wọ́n. Lọ́sàn-án yìí."

Ọmọbìnrin náà ka iye ewé tó kù. "Bóyá ìyókù yìí á gbé wa dé ìpàdé. Ti orúkọ yín, n kò tíì mọ ohun tí n ó kọ." Ó fa àga kan sún mọ́ tirẹ̀. "Ẹ jókòó."

Wọ́n jọ fa ìlà mọ́kàndínlógún yòókù. Ìlà kọ̀ọ̀kan dé etí ìwé, iye kọ̀ọ̀kan ń fi ara rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn náà Guizhen fa fọ́ọ̀mù òkúta kìn-ín-ní sọ́dọ̀. 0.31, 0.31, 0.31. Àkọ́kọ́ nìkan ló jẹ́ iye tó wọ̀n; méjì yòókù ti jóná nínú ààrò. Ó fi àmì kan sórí ìwé, ó gbé rúlà lé e.

Rúlà náà yí. Ó fi ìka tì í, ó kọjú sókè. Ó tún tì í, ó kọjú sísàlẹ̀. Ibi tó bá tì í sí ló ń lọ, ó sì ń kan àmì náà nígbà gbogbo.