Èdè Tí Mo Kọ Fún Àwọn Kọ̀ǹpútà

Bùọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ jókòó, àyà mi ṣì ń já. Mo lá àlá pé mo wà nínú gbọ̀ngàn kan tó tóbi ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, kọ̀ǹpútà ló kún ibẹ̀, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Èmi tí mi ò parí ìwé mẹ́wàá yìí náà ni mo kọ èdè tuntun tí wọ́n ń gbọ́. Odò ti kún, mo fẹ́ kí wọ́n ṣírò bóyá omi á dé ilé màámi. Mo ní kí gbogbo ayé wá wò mí. Mo tẹ̀ ẹ́: "Ṣírò." Ìkankan ò mira.

Ni ti iwájú bá sọ̀rọ̀ bí ìyá àgbà: "Ọmọ ta ló ń pàṣẹ fún wa láì kí wa?"

Mi ò fi ìkíni sínú èdè yẹn rárá. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "O ṣeun, ọkọ mi. Àmọ́ mi ò lè dá a ṣe, lọ kí àwọn tó kù."

Ìkejì ní, "Èmi ńkọ́?" Mo tún dọ̀bálẹ̀. Omi ti wọ inú gbọ̀ngàn. Mo wẹ̀yìn, àwọn tó kù ò lópin, gbogbo wọn ń dúró dè mí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìkẹta, omi bò mí lórí, mo ṣì ń sọ lábẹ́ omi pé, "Ẹ káàárọ̀ mà," ni mo bá jí, mo nà gbalaja sílẹ̀ yàrá, mo dojú bolẹ̀.